Ayò Inú Kọ̀ǹpútà Màmá Oǹdó

Àwọn oníbàárà tuntun máa ń ráhùn pé mo ń dá àwọn dúró pẹ́ jù lórí bẹ́ńṣì. Ẹni tó gbé rédíò wá fẹ́ gbé e sílẹ̀ kó máa lọ. Èmi á ní kó jókòó, n ó béèrè ilé, n ó béèrè ọmọ, n ó béèrè bí òjò ṣe ń rọ̀ sí lápá ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo gbàgbé, màmá kan láti Oǹdó ló sì rán mi létí.

Nígbà náà, pátákó ńlá kan ló wà níbi tí bẹ́ńṣì yẹn wà báyìí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Arakale, ní Àkúrẹ́. Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: KÒ SÍ Ẹ̀RỌ TÓ KÚ TÍ A KÒ LÈ JÍ. Àwọn ará àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Àjíǹde. Inú mi ń dùn sí i. Obìnrin tó ń tún tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà ṣe láàárín àwọn ọkùnrin gbọ́dọ̀ lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ tèmi ti ju díẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé nǹkan kan, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní láti Oǹdó ni òun ti wá, pé tíṣà ni òun kí òun tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó tú táwẹ́ẹ̀lì, mo rí ohun tí mo ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí n kò fọwọ́ kàn rí: kọ̀ǹpútà ilé ti ayé àtijọ́. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju pátákó ìtẹ̀wé kan lọ. Kò ní ojú tirẹ̀, ara tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń so ó mọ́. Kò sì lè rántí ohunkóhun tí wọ́n bá ti pa á, nítorí náà inú kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin, ni wọ́n ń tọ́jú ọgbọ́n rẹ̀ sí.

"Ọkọ mi ló gbé e bọ̀ láti òkè òkun," ni Màmá wí. "Tíṣà ìṣirò ni. Ó kọ́ ọ ní ayò."

"Ó kọ́ kọ̀ǹpútà ní ayò, mà?"

"Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ta á gan-an ló ṣe kọ́ ọ. Á kó ọmọ ayò jọ sílé kan ṣoṣo, á máa ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, á wá gbá mi lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti pa mí tán, á kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé, 'Òpè, tún wá lọ́la.'" Òpè ni ẹni tí wọ́n pa nídìí ayò, ọ̀ta sì ni ẹni tó pa á. "N kò pa á rí lójú ayé mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀rọ yìí ni mò ń bá ta. Lẹ́yìn ọdún kan, òun náà kò ṣí mọ́."

Ó wá sọ fún mi pé lẹ́yìn ìyẹn ni ojú òun ṣú, tí nǹkan funfun bò ó. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, wọ́n bi í pé kí ló wù ú kó kọ́kọ́ rí.

"Mo ní ayò ọkọ mi ni. Mo fẹ́ bá a ta ọ̀kan sí i, ọmọ mi. Ẹni ọgọ́rin ọdún kì í sọ pé tó bá di ẹ̀ẹ̀mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá dákẹ́ kí n gbọ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń yún mi láti tú ẹ̀rọ náà.

"Jẹ́ n sọ bó ṣe kú fún ọ," ni Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Nígbà tí kò ṣí mọ́, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì wá sílé..."

"Màmá, mo ti gbọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, màá pè yín pé ó ti ń ṣiṣẹ́."

"Kò tíì tán o."

"Iṣẹ́ mi ni, mà. Ẹ ti ka pátákó níta."

Ó wò mí bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó bi í tán. Ó ká táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì lọ.

Ó yẹ kí n sọ nípa ọ̀gá mi níhìn-ín. Bàbá Rédíò ni gbogbo Àkúrẹ́ ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan gbé rédíò tó yadi wá, mo sì ti mú síkúrù-díráfà kí ọkùnrin náà tó jókòó. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. "Etí la fi ń ṣe uṣẹ́ yìí," ló wí, "kì í ṣe ọwọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kí ọkùnrin náà. Ó kí i kú oko, ó béèrè ará ilé, ó béèrè àna, ó béèrè ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkùnrin náà ti mu omi, tó ti rẹ́rìn-ín, ló wá jẹ́wọ́ pé nígbà tí wọ́n na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òun lórí rédíò, òun gbá a létí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàbá kò tú nǹkan púpọ̀. Ó lọ tààrà síbi tí ìgbátí bà, ó jó wáyà kan padà, rédíò fọhùn.

Ogún ọdún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bàbá padà sóko rẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè, mo ní ayé ti yára, mo gé ìkíni kúrú.

Mo tú ẹ̀rọ Màmá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ jókòó lé, ń dán gbinrin bí ẹni fi váníìṣì kùn ún. Mo mọ̀ pé àwọn kan tó ń ṣe ẹ̀rọ máa ń kùn ún bẹ́ẹ̀ kí omi má bàa bà á jẹ́. Mo pe télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi.

"Wá wo nǹkan. Àwọn ará ìgbàanì ò fi iṣẹ́ ṣeré."

Télọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Ó ń dán lóòótọ́. Bí ẹni pé ẹni tó ń jẹ àkàrà ló ṣe é."

Mo ní kó padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Mo yẹ àpótí tó ń gbé iná fún un wò, mítà tí mo fi ń wọn iná ní nǹkan kan kò ṣe é. Mo bá kàpásítọ̀ méjì tó ti wú lórí páńẹ́ẹ̀lì, mo yọ wọ́n, mo fi tuntun sí i. Kàpásítọ̀ ni agolo kékeré tó ń fa iná mu tó sì ń pín in jẹ́jẹ́. Tó bá ti wú, ó ti kú nìyẹn. Inú mi dùn, mo ní mo ti rí apààyàn. Mo so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo tan iná. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Lọ́jọ́rú mo tún wáyà jó, ó ṣókùnkùn. Ní Ọjọ́bọ̀ mo wá a kiri títí ojú mi fi ń ṣomi, ó ṣókùnkùn síbẹ̀. Mo gbé orí sókè, pátákó mi ni mo rí níta, ojú sì tì mí. Ìyá àgbà kan ti fi ojú tuntun rẹ̀ ka irọ́ mi.

Mo pe Bàbá Rédíò lórí fóònù. Mo ka gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún un.

"Kí ni oníǹkan sọ?" ló bi mí.

"Ó ní kò ṣí mọ́."

"Kí ló tún sọ?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, Bàbá. N kò jẹ́ kó parí."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, tí adìyẹ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀. "Lọ sí ulé rẹ̀. Lọ jẹ́ kó parí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kó irinṣẹ́ mi, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan nínú ọkọ̀ Oǹdó. Láti Àkúrẹ́ títí a fi kọjá Bọ́lọ́rundúró, ọ̀rọ̀ tí n ó sọ ni mò ń tò, kò sì sí èyí tó bá ẹnu mi mu nínú wọn. Nígbà tí Màmá ṣí ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, ìkíni ni mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo kí i kú ilé, mo kí i kú ewu ojú, mo béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé iyán fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó sọ ohun tí mo bá wá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo já mọ́ yín lẹ́nu lọ́jọ́ Ajé, ẹ bá mi parí rẹ̀."

Kò ṣe bí ẹni tó ń bínú. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí gan-an. "Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa wá sílé. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀tá yọ̀. A gbàdúrà sí i, a sì ta òróró sí i."

"Òróró, mà?"

"Òróró àdúrà. Ojúlówó òróró ólífì ni, kì í ṣe àdàmọ̀dì."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, fún oṣù méjì. Nígbà tí a ta á sórí rẹ̀ tí kò gbọ́, ẹnì kan ní ká dà á sí ihò tó fi ń mí."

Mo rántí váníìṣì mi. Mo rántí télọ̀ àti àkàrà rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo di ìdí àga mú, Màmá náà sì ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun tí à ń rín. Kàpásítọ̀ ló kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà, mo sì ti wo ìyẹn sàn. Àdúrà ló wá sin ín.

Mo tú u sórí tábìlì ìjẹun. Àwọn áísíì, ìyẹn àwọn nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń ronú fún ẹ̀rọ, wà nínú ìjókòó wọn, òróró sì ti yọ́ wọ abẹ́ wọn, ó ti dì bí oje igi. Iná kò ríbi kọjá. Mo yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Mo fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ẹsẹ̀ wọn, mo fọ ìjókòó wọn, mo fọ páńẹ́ẹ̀lì látòkè délẹ̀. Mo gbé e síwájú fáànù títí ó fi gbẹ. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá tó wà ní pálọ̀. Nígbà tí mo tan iná, ojú tẹlifíṣọ̀n funfun, lẹ́tà kékeré kan sì ń ṣẹ́jú nísàlẹ̀.

Màmá ti mú kásẹ́ẹ̀tì jáde láti inú agolo bísíkíìtì. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Bí ó bá já, ayò tán. Mo fi í sínú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tí mo ti fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ọ̀pọ̀lọ́ odò lẹ́yìn òjò.

"Ohùn rẹ̀ nìyẹn," ni Màmá wí. Ó ti di ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

Ó ké fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì kọ̀. Ẹ̀rọ kò gbọ́ ohun tí kásẹ́ẹ̀tì ń sọ. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu irin tí téèpù ń gbà kọjá. N kò gbàdúrà sókè, kí Màmá má lọ mú òróró wá. Mo dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Ó tún ké. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ilé ayò méjìlá sì yọ, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ìkọ̀ọ̀kan.

Màmá fa àga súnmọ́ ọn. Bó ṣe ń ta ni ẹ̀rọ ń dá a lóhùn. Mo rí i tí ẹ̀rọ ń kó ọmọ jọ sílé kan, tó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ. "Alárékérekè," ló ń sọ fún un. "Mo mọ̀ ọ́. Mo mọ ohun tí ò ń wá." Wọ́n ta á títí ọmọ fi ṣẹ́ kù díẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: bí Màmá bá gbá ilé rẹ̀ kẹta, á jẹ mẹ́ta, ó ti di ọ̀ta nìyẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Mo di ètè mi mú kí n má bàa sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè bọ́tìnnì ilé kẹta. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá sún ọwọ́ lọ sí ilé karùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kò fojú fo oore. Ó gbá gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n: ÒPÈ, TÚN WÁ LỌ́LA.

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìborùn nu ojú tuntun rẹ̀.

"Màmá," ni mo wí, "ilé kẹta. Ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ojú mi ti là."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò pa á?"

Ó fi ọwọ́ ra orí ẹ̀rọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bí mo bá pa á lónìí, ọmọ mi, ta ni yóò máa sọ fún mi pé kí n tún wá lọ́la?"