Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Lé Kan

Lọ́dún 1984 ni ojú Walter Bọ́dúnrìn fọ́ pátápátá. Ìṣirò ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti Ibefun títí dé Ìjẹ̀bú-Òde kí àìsàn ojú tó lé e wálé. Ó wá di ẹni tí ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí Matilda ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ wá, á fọwọ́ tọ́ ọ wò, á sì tì í sẹ́yìn.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, ọmọ wọn obìnrin, Adéṣẹwà, wálé láti yunifásítì. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ gbà mí. Wọ́n ní ká wá nọ́ńbà tó lè pín mílíọ̀nù kan àti ẹyọ kan láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀. Mo ti ṣe é títí, ó ti sú mi."

"Ṣé o ò rí i pé mi ò ríran ni?"

"Ẹ má bínú, Dádì. Ṣé ojú lẹ fi ń ṣírò ni?"

Kò pẹ́ tí ètè Walter fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fi mẹ́ta pín in, ó ṣẹ́ku méjì. Ó fi méje pín in, méjì náà ló ṣẹ́ku. Mọ́kànlá, méjì. Mẹ́tàlá, méjì! Ó rẹ́rìn-ín músẹ́: nọ́ńbà yìí mọ ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ síwájú, àwọn òdo inú rẹ̀ ń dàrú mọ́ ọn lórí.

Matilda gbọ́ ọ tó ń ráhùn. "Mílíọ̀nù wo ni, Bàbá Ṣẹwà? Àádọ́ta ọ̀kẹ́ lé kan ni ìyá mi ì bá pè é."

Walter ta gìrì. Lé, dín! Ṣebí bí àwọn àgbà ṣe ń kà á nìyẹn: wọn a lọ sí iye ńlá tó sún mọ́ ọn, wọn a wá yọ díẹ̀ kúrò.

"Ṣẹwà, mú bírò! Ó lé kan, jẹ́ ká fi ọgọ́rùn-ún tó lé kan dán an wò. Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbàárùn-ún, èló ni?"

"Mílíọ̀nù kan àti ẹgbàárùn-ún."

"Ó ti pọ̀ jù. Kí la máa yọ?"

"Ẹgbàárùn-ún dín ẹyọ kan."

"Òun náà sì ni mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún lọ́nà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún! Yọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún kúrò nínú ẹgbàárùn-ún, kí o fi mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀."

Bírò ń dún lórí bébà: 101 lọ́nà 9,901. Adéṣẹwà pariwo. "1,000,001 ni, Dádì! Kò lé, kò dín!"

Walter rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó tún béèrè sí i.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, ó ní kí Matilda mú òun lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Harold Oyètúndé, ọ̀gá ilé-ìwé tí Walter ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀.

"Tísà, ta ni yóò máa bá yín kọ ọ́ sójú pátákó?"

"Àwọn ọmọ ni, sà. Èmi á máa sọ, wọ́n á máa kọ."

Wọ́n gbà á padà. Àwọn tó kọ́ nígbà náà sọ pé kò sí kíláàsì tó ń pa rọ́rọ́ bíi tirẹ̀, nítorí etí ló fi ń rí wọn. Bí ọmọ kan bá kọ méje níbi tó yẹ kó kọ ọ̀kan, á gbọ́ ọ lẹ́nu ṣọ́ọ̀kì. "Nù ún," á wí jẹ́jẹ́, "kí o tún un rò."