Òkìtì Ẹ̀yìn Ilé Ìlagi

Ìdòwú Àkànní, ọmọ agégi tí igi kì í wó lù, ọmọ agbé-gẹdú-sọdá-odò, àbúrò mi tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá ti gbóòórùn igi tútù tó ń jóná, òun ni mo máa ń rí. Òórùn yẹn ló gba ìgboro Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà náà. Àwọn onílé ìlagi a da lẹ́búlẹ́bú igi jọ bí òkè, wọn a finá sí i, á máa rú èéfín láti ẹ̀ẹ̀rùn wọ òjò. Àwọn ọmọ tó kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ti wá ń sọ fún wa pé irú èéfín bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tó dá ooru òde òní sílẹ̀. Àwa ò mọ̀yẹn. Àyà Ṣadé la mọ̀.

Ṣadé ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìdòwú bí. Ikọ́ fée ń ṣe é, ẹ̀yìn ilé ìlagi ni wọ́n sì ń gbé. Bí afẹ́fẹ́ bá darí síbẹ̀, àyà ọmọ á máa dún bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo. Ìdòwú, tó jẹ́ wòlíì nínú ìjọ Aládùrá, bẹ Rájí, ọ̀gá àwọn lébìrà, títí pé kó pa iná náà. Rájí rẹ́rìn-ín: “Wòlíì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sun tùràrí, èéfín tiwa lẹ wá ń sá fún?”

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, èéfín wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ṣadé dákú. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ ọsibítù. Ìdòwú gbé korobá omi, ó dojú kọ òkìtì náà.

Mo ní, “Wọ bàtà, Ìdòwú.”

“Tèmi ti sùtánà lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n mi?”

Aládùrá kì í wọ bàtà sí sùtánà. Orí òkìtì sì tutù, ó dà bí ilẹ̀ lásán. Abẹ́ ni iná wà. Ó gùn ún, ó ń da omi. Ràsákì, lébìrà kan, gbé pákó tẹ̀ lé e: “Omi àdúrà nìyẹn àbí ti kànga? Sọ̀ kalẹ̀.” Ó la pákó mọ́ ọn lọ́rùn. Ìdòwú yípo, ó fi korobá gbá a lẹ́nu, eyín dà sílẹ̀. Kámọ́rù, lébìrà mìíràn, dì í lọ́rùn aṣọ, Ràsákì ń lù ú níhà, èmi náà gé Kámọ́rù jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi kún mi lẹ́nu. Ìdòwú já ara rẹ̀ gbà, ó fà sẹ́yìn. Òkìtì là. Ó rì dé ìbàdí, aṣọ funfun náà gbiná.

Ràsákì ló ju pákó nù, tó ti ọwọ́ méjèèjì bọ iná láti fà á yọ. Awọ ẹsẹ̀ àbúrò mi bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ní ọsibítù, ohun kan ni Ìdòwú bi mí: “Ṣé ó ń mí?” Mo ní ó ń mí. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo bínú sí Ràsákì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ò nà mọ́ láéláé. Ẹni tó ni ilé ìlagi ò gbé àdúgbò wa, kò fa èéfín náà símú rí. Àwa tá à ń fà á la dìde síra wa. Ṣadé ti bímọ báyìí, ó ń mí.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn la sin Ìdòwú.