Ìwé Másítà Àǹtí Wẹ́fíà

Àǹtí Wẹ́fíà ni àwọn ọmọdé ń pè é, nítorí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá. Ojúlé dé ojúlé ló ń lọ. Á wo ọmọ, á wo ibùsùn, á ṣí ìkòkò wò, á sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ mú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gbálẹ̀ torí tirẹ̀, ó ti mọ̀ kó tó jókòó.

Lọ́dún tó kọjá, ó bá ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan nílé àbúrò bàbá rẹ̀, ọrùn-ọwọ́ ọmọ náà wú. Wọ́n ní ó ṣubú ni. Àǹtí Wẹ́fíà padà sí ọ́fíìsì, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀gá rẹ̀, ọmọ àná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé gíga dé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Níbo lẹ ti kàwé tẹ́ ẹ fi ń pàṣẹ? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò séwu. Àwa tá a ní másítà máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó ń bọ̀."

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì kọ ọ́ pé kò séwu. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbá ọmọ náà létí débi pé etí ọ̀tún rẹ̀ di pátápátá. Ìyá àgbà rẹ̀ ló wá mú un lọ.

Ohun tó gbé Àǹtí Wẹ́fíà dé ìdí fọ́ọ̀mù másítà nìyẹn. Bóun náà bá níwèé ọ̀hún, ta ló máa tún bi òun níbi tóun ti kàwé? Fọ́ọ̀mù ní kó kọ ìtàn ohun kan tó dùn ún jù lẹ́nu iṣẹ́. Ìtàn ọmọ yẹn ló kọ, ó ń kọ ọ́, ó ń sunkún. Nígbà tó dé ibi "kò séwu", ó fò ó.

Iléèwé gbà á. Wọ́n ní ìtàn náà wọ àwọn lákínyẹmí ara. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, yọ téèpù lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èjìká rẹ̀ fún kóòtù.

"Ìyàwó mi ti dọ̀gá!"

Ayọ̀ náà kò balẹ̀ síkùn obìnrin yìí. Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú lẹ́tà náà lọ bá ìyá àgbà. Ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń yí orí kó lè fi etí òsì gbọ́ wọn. Àǹtí Wẹ́fíà ní torí ọmọ lòun ṣe fẹ́ lọ kàwé sí i.

"Tẹ́ ẹ bá kà á tán," ni ìyá àgbà wí, "ṣé ẹ ó wá máa rí ọwọ́ ọmọ tó bá wú?"

"Mo rí i nígbà yẹn, Mà."

"O rí i?" *Ẹ̀yin* ti di *ìwọ*. "Ìwé kọ́ ló kù ọ́ kù nígbà náà. Ẹnu ni. Máa lọ, ọmọ mi fẹ́ jẹun."

Àǹtí Wẹ́fíà kò fèsì lẹ́tà iléèwé títí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un fi kọjá. Àwọn tó wà lókè ọ̀gá rẹ̀ ló kọ̀wé sí, ó ṣàlàyé ohun tó rí, ohun tó kọ, àti ẹni tó ní kó kọ ọ́. Wọ́n bi í pé ọwọ́ ta ló kọ "kò séwu". Tirẹ̀ ni. Wọ́n dá a dúró. Ọ̀gá wà lórí àga rẹ̀ títí dòní.

Bọ́tìnnì ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ kan, ọkọ ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Ẹnu tí mo pa mọ́ ńkọ́?" ni ìyàwó fi dá a lóhùn. "Etí ọmọ ọlọ́mọ ló kó bá."

Ọkọ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.