Wọ́n Ní Kí Aláròyé Dákẹ́

Eyín ló pa á. Kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe odò, eyín kan ṣoṣo tí ò ju hóró àgbàdo lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí gbogbo àdúgbò wa ní òdìkejì afárá ń pè ní Aláròyé kú ní Ọjọ́bọ̀, a sì ti sin ín. Kò sí aláṣẹ kankan tó wá kí ìyá rẹ̀.

Ẹnu ọmọ yẹn kì í sinmi. Yàrá mi ló tẹ̀lé tiwọn, pákó fẹ́lẹ́ ló là wá láàárín, mo sì máa ń gbọ́ tó bá ń bá bàtà rẹ̀ jà. "Ìwọ bàtà yìí, ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún lo wà fún ni, àbí o kàn ń purọ́ fún mi?" Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Màmá Oníwèé, ta ló ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ sínú ìwé ìròyìn?" Mo ní àwọn ọ̀gá ìlú ń kà á. Ó tún ní, "Ṣé wọ́n ti wá dá yín lóhùn?"

Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ńlá láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìyá àgbà ló ń tọ́jú Aláròyé àti àbúrò rẹ̀. Alábòójútó ilé wa kì í sì í gba ẹkún ọmọ láàyè. Á fi kọ́kọ́rọ́ gbá ilẹ̀kùn gbàgbàgbà: "Ariwo ẹ̀yin èèyàn yìí ti pọ̀ jù. Bí mo bá tún gbọ́ ẹkún ọmọ níbí, ẹ kó ẹrù yín." Ká kó o lọ síbo? Ta ló ń fún àwa tí à ń sọ èdè mìíràn nílé ní yàrá nínú ìlú yìí? Nítorí náà, bí ọmọ bá ti fẹ́ yanu báyìí, ìyá àgbà á ti ìgò omi ṣúgà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọmọ á fà á títí á fi sùn. Gbogbo yàrá tó wà ní ìlà wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé pa rọ́rọ́. Alábòójútó ń yìn wá pé a ti ń lajú.

Eyín iwájú Aláròyé kọ́kọ́ pọ́n bí irin tó dógùn-ún, lẹ́yìn náà ó di kùkùté dúdú. Nígbà tí eyín ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, mo tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá afárá. Nọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ ní kí ọmọ la ẹnu.

"Màmá, eyín àkọ́hù ni. Á yọ fúnra ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kò lè jẹun mọ́."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń fún un ní ṣúgà? Ẹ lọ fún un lóògùn ìrora."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mélòó ló wà lọ́jà yìí? Ọkọ̀ dókítà eyín tó ń yí gbogbo jéléósinmi ìlú ká máa ń ṣẹ́rí padà lẹ́sẹ̀ afárá. Wọ́n ní ìgbà kan ṣoṣo tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọmọ sá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn tó lè rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin nìyẹn? Lẹ́yìn ìsìnkú, alákòóso ìlera ọmọdé bọ́ sórí rédíò, ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀: "Àṣà wọn ni, wọn kì í ka eyín sí." Àṣà! Àṣà wa ni ká máa fi ìgò dí ọmọ lẹ́nu kí wọ́n má baà lé wa síta?

Kò pẹ́ tá a kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Aláròyé wú, ojú wú, ọrùn le. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo fi etí lé pákó, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbà á wọlé ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá rẹ̀ ló fọ aṣọ tí wọ́n tẹ́ ẹ lé.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní fi ìbínú bò ó. Lánàá, ìyá ọmọ pè mí, ó gbé àbúrò Aláròyé, tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, sórí ẹsẹ̀ mi lẹ́bàá fèrèsé. "Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò lè wò ó." Mo la ẹnu ọmọ. Eyín iwájú ti pọ́n. Ọ̀kan lẹ́yìn ti lu, èrìgì ìdí rẹ̀ sì ti ń wú. Mo ní kò sí nǹkan. Kò gbà mí gbọ́. Iná ò tíì tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná. Ọmọ mélòó ló tún ń fa ìgò lẹ́yìn àwọn pákó yìí, tí ilé fi dákẹ́ báyìí?

Ẹni tó pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má kọjá afárá, kó jáde, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú ìyá ọmọ. Kí nọ́ọ̀sì àti ọ̀gá rẹ̀ wá sọ ìdí tí wọn ò fi yẹ ẹnu ọmọ wò. Kí onílé wá jẹ́jọ́ ìhàlẹ̀ alábòójútó rẹ̀. Kí dókítà eyín dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ èdè wa, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kékeré yẹn náà tó wú. Ẹ̀yin ọ̀gá ìlú, Aláròyé bi mí bóyá ẹ ti dáhùn, mo sì sọ fún un pé ẹ máa dáhùn.

Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a ó gbé gbogbo ọmọ wa wá sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì alákòóso. A ò ní mú ìgò kankan dání. Wọ́n á ké, a ò sì ní rẹ̀ wọ́n, títí ẹnìkan á fi jáde wá wo ẹnu wọn.