Bí Mo Ṣe Wọn Ẹsẹ̀ Ìyá Múní Nílẹ̀

Ẹ fi etí sí mi díẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣe mí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ń múra àtidé. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ràfíátù ọmọ ọmọ mi ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní àwọn tó ń ṣe níítìn, àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ hun wúùlù, pọ̀ lórí ibẹ̀, wọn á fẹ́ gbọ́. Ó dáa. Bó ṣe rí ni n ó ṣe sọ ọ́.

Iṣẹ́ òfì ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn níbí. Bàbá mi hun ún. Èmi náà hun ún, títí orúnkún mi fi ní òun ò tẹ ìtẹsẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò jókòó sídìí òfì rí ò lè mọ adùn rẹ̀. Wàá ta òwú gbọọrọ síwájú, wàá gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó o ṣe ń hun, òkúta yẹn á máa rọra wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, díẹ̀ díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń ti oko bọ̀. Ọjọ́ tó bá dé iwájú rẹ, aṣọ parí nìyẹn.

Nígbà tí mo fi òfì sílẹ̀, ọwọ́ mi ò gbà pé a ti fi í sílẹ̀ o! Mo máa ń jókòó sábẹ́ igi odán iwájú ilé wa. N ó máa gbọ́ òfì àwọn ará ìsàlẹ̀ láti òkèèrè, oorun á máa gbé mi lọ, ọwọ́ mi á sì máa ju ọkọ̀ òwú tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀tún sósì, òsì sọ́tùn-ún. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe ẹ̀yin náà rí?

Ẹ jẹ́ n dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìyàwó mi, Ìyá Múní, ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú lára, kì í mọ gbígbóná, kì í mọ ẹ̀gún. Òtútù nìkan ló ṣì ń mọ̀. Lọ́yẹ́ tó ṣáájú ìyẹn, ó fa àdògán èédú mọ́ra, ó na ẹsẹ̀ sí i. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Òórùn ló sọ fún wa. Òun alára ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ń jó!

Àwọn èèyàn ti ń gbin iṣu kí egbò yẹn tó san. Ọsibítù wá kìlọ̀ fún wa. Wọ́n ní kí egbò má ṣe bẹ́ẹ̀ dé ẹsẹ̀ yìí mọ́, pé tó bá tún ṣẹlẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé e.

Ẹ ó ní kó wọ ìbọ̀sẹ̀. A ra ìbọ̀sẹ̀ o. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ há a lẹ́sẹ̀ tó wú, ojú rírán inú rẹ̀ sì ń ha á. Ó bọ́ ọ sọ nù. Àdògán yẹn ló tún wà ní kọ̀rọ̀, tó ń dúró de ọyẹ́. Mo máa ń rí i tí Ìyá Múní ń wò ó bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

Obìnrin kan wà ní òdìkejì wa, ọmọ ìlú Ìràwọ̀ ni, Màmá Nọ́ọ̀sì là ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì. Òun náà máa ń gbé àga wá sábẹ́ odán, á mú abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti òwú wúùlù, á máa hun fìlà fún àwọn ọmọ tuntun ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Abẹ́rẹ́ yẹn á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí alángbá tó ń rìn lórí páànù. Kò sí òkúta, kò sí ìtẹsẹ̀. Orí itan ló ti ń hù jáde!

Lọ́jọ́ kan, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, mo la ẹnu. Mo bi í bóyá nǹkan yìí lè di ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní rọ́bà.

Ó dúró, ó wò mí lókè awò ojú rẹ̀. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ tó rọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ò há, ohun tí ẹsẹ̀ Màmá ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní fìlà ìkókó nìkan lojú òun ká báyìí.

Ó ní, “Ẹ gbà, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ lọwọ́, ẹ̀yin lẹ laya.”

Bí abẹ́rẹ́ ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Máfúlà ni mo kọ́kọ́ hun. Há à! Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Lọ́dọ̀ àwa tá à ń hun òfì, bí aṣọ bá ṣe ki tó ni iyì rẹ̀ ṣe tó. Gbogbo ojú tí mo bá ṣe, mo fà á le. Ó wá jáde ní ìbú òfì gan-an, tẹ́ẹ́rẹ́, ó le bí ìgbànú. Lásísì ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ kọ́ òfì, gbé e wò, ó bi mí bóyá àgbò iléyá ni mo fẹ́ fi so. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kí mi láti títí wá, “Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ìyá ọmọ tuntun!” Àwọn ọlọ́kadà gan-an bá a gbè é!

Mo tún mú abẹ́rẹ́.

Fìlà ló tẹ̀ lé e. Mo hun ún ní pélébé, pélébé, mo wá rán an pọ̀ bí a ṣe ń rán òfì. Mo gbé e sílẹ̀, ó dá dúró fúnra rẹ̀ bí igbá! Màmá Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Lẹ́yìn náà ó yí inú rẹ̀ síta, ó mú ìka mi, ó fi ń tọ ojú rírán yẹn lọ. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, “Ibi tí ẹ rán yìí, Bàbá, lórí, kò burú. Lẹ́sẹ̀ Màmá, egbò ni.”

Ohun tí mo mọ̀ látọmọdé, òun náà ló máa ṣe é léṣe!

Ó wá mú àwọn abẹ́rẹ́ kúkúrú kan jáde, ẹnu méjèèjì ló mú ṣóńṣó. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń hun yí po, tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní òpin, tí kò sí ibi à ń rán. Ó ní kí n dẹ ọwọ́, kí n mú un bí ẹní mú òròmọdìyẹ.

Ẹ wò ó, ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́, áà! Yíyí po, yíyí po. Ewé odán á máa já bọ́ sí mi lórí, n ò ní gbọ̀n ọ́n. N ò ní mọ̀ bóyá mo sùn bóyá mo jí. N ó máa rí Ìyá Múní nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tó ń lọ níwájú mi lọ́nà oko, tí ìrì ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń dán. Igi emi lápá ọ̀tún, igi igbá lápá òsì. Kò wẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé mo ń bọ̀. Tí mo bá la ojú, ìbọ̀sẹ̀ á ti gùn sí i.

Báwo ni n ó ṣe mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó? Ẹ ó ní kí n bi í. Mo ti ba máfúlà jẹ́, mo ti ba fìlà jẹ́. N ò fẹ́ ṣèlérí ìbọ̀sẹ̀ kó tún wá dà bí igbá. Ọ̀rọ̀ sì máa ń wúwo lẹ́nu mi.

Òjò àrọ̀kúrò rọ̀ lóru ọjọ́ kan. Láàárọ̀, Ìyá Múní ti balùwẹ̀ bọ̀, ó wọlé lọ. Mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ó mọ́ kedere, ìka márààrún. Mo yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún burúkú yìí, mo nà án láti gìgísẹ̀ dé àtàǹpàkò, mo ṣẹ́ ẹ. Mo fi òmíràn wọn ìbú. Mo ń ka iye ojú tó máa gbà, ẹnu mi ń mì.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ganíyù, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ṣe gbé abọ́ omi jáde.

Ẹ ro ohun tó rí wò o! Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, lórí ojú ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ ṣíṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi erùpẹ̀ ojú ẹsẹ̀ èèyàn ṣe nílẹ̀ wa!

Abọ́ já bọ́. “Yéè! Ẹ gbà mí o! Bàbá Múní ń kó ilẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi!”

Ilé tú jáde. Lásísì sáré dé, kò bá mi ṣe ẹ̀fẹ̀. Èmi ńkọ́? Ta ló máa gbà pé ìbọ̀sẹ̀ ni? Mo ki igi ìgbálẹ̀ bọ àpò. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá!

Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Múní bá gbẹ́sẹ̀, Ìyá Ganíyù á tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgbálẹ̀, á máa gbá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Ó ní àwọn máa kó lọ sọ́dọ̀ Múní ọmọ wa ní Ṣakí. Ìyá Múní ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Oúnjẹ mi ń bọ̀ lásìkò. Ṣùgbọ́n kò wojú mi.

Mo kàn ń hun ni. Mo fi ìwọ̀n inú àpò mi hun ẹyọ kan tán.

Ọyẹ́ wá dé lóòótọ́. Àwọn òkè ọ̀nà Adó-Àwáyè pòórá, ètè àwọn èèyàn ń ya. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rí Ìyá Ganíyù tó ń gbé àdògán kọjá, èédú pọ́n nínú rẹ̀, ó ń lọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

N ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo wọlé, mo dúró láàárín ẹsẹ̀ àti iná, mo na ìbọ̀sẹ̀ sí i.

Mo ní, “Ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń wọ̀n. Èyí ni mo wọ̀n ọ́n fún.”

Ìyá Ganíyù ní, “Ìbọ̀sẹ̀? Ọkùnrin wo ló ń hun ìbọ̀sẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kàn án o!”

Ìyá Múní ti gbà á. Ìyàwó ahunṣọ ni. Òun ló ran òwú fún mi títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Ó yí inú rẹ̀ síta. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ìka tọ ọ́ yí ká, ó ń wá ojú rírán. Ó tún un wá. Kò rí i.

Ó ní kí àbúrò òun bu omi wá.

Ó ti ẹsẹ̀ bọ inú abọ́, ó gbé e jáde, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì níwájú mi. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ó ní, “Ẹ tún un wọ̀n, Bàbá Múní. Ti àárọ̀ lẹ wọ̀n níjọ́sí. Ẹsẹ̀ mi máa ń wú nírọ̀lẹ́.” Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Tó bá fẹ́ ṣe mí níbi, látìgbà tí a ti jọ ń jẹun, ojú ẹsẹ̀ mi ló máa wá fi orúnkún yẹn bẹ̀rẹ̀ gbé?”

Mo kúnlẹ̀. Ọyẹ́ ti ń fa omi yẹn láti etí rẹ̀ wá, ojú ẹsẹ̀ náà ń kéré lójú mi, mo ní láti yára. Mo wá àpò mi, n ò rí igi ìgbálẹ̀. Ìyá Ganíyù ṣu ẹnu jọ. Ó fa ẹyọ kan yọ nínú ìgbálẹ̀ tó fi ń gbálẹ̀ tẹ̀ lé e, ó nà án sí mi.

Ó ní, “Ẹ gbà. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀!”

Mo tú ìbọ̀sẹ̀ yẹn palẹ̀, mo fi ọwọ́ dídẹ̀ hun méjèèjì. Ìyá Múní wọ̀ ọ́, ó ní ó fẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló sùn lọ. Àdògán yẹn ṣì wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Adìyẹ Ìyá Ganíyù ló ń yé sínú rẹ̀ báyìí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ látọmọdé, n ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Ohun rere tó o bá ń ṣe fún ẹni rẹ, sọ ọ́ fún un kí ojú ẹlòmíì tó bá ọ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ìfẹ́ tó ní ti dà bí ìkà lójú ará ilé rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, Ràfíátù á kà á fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ níítìn, gìgísẹ̀ ti ọ̀tún ṣì wọ́ díẹ̀, kí ni kí n ṣe sí i?

Ẹ tètè dáhùn o, torí Ìyá Múní ní fìlà ló kàn. Ó ní ṣé orí òun náà lòun máa ti bọ inú omi?