Bí Ọkọ Mi Ṣe Ń Gun Mápó Tó Sì Ń Sanra Sí I

Nígbà tí mò ń wí yìí, bí ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira, kò sẹ́ni tó ń wá bí òun á ṣe rù ní gbogbo Ìbàdàn. Ẹni tó bá rù, àìsàn ló ń ṣe é, tàbí kó jẹ́ pé ahun ni ìyàwó ẹ̀. Ọkọ mi ò rù ní tiẹ̀. Télọ̀ ni, ní Bẹẹrẹ, àtàárọ̀ dalẹ́ ló fi ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Tó bá ń bọ̀ nílé, ikùn ẹ̀ la máa kọ́kọ́ rí ká tó rí òun fúnra ẹ̀. Àwọn èèyàn a máa kí mi kú ìtọ́jú. Èmi òmùgọ̀ sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Ìgbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, la bá lọ sọ́sibítù. Dókítà náà, ọmọdé tí irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì pé, de rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tún un wò, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ń ru gan-an. Ó ní kó dín oúnjẹ kù, kó sì máa rìn láràárọ̀ títí á fi làágùn, méjèèjì pọ̀ ni o, nítorí ẹni tó ń rìn tí kò dín oúnjẹ kù, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń dá lóró lásán. Bí kò bá ṣe é, ó lè ṣubú lójijì. Ó wá bi í pé kí ló pa bàbá ẹ̀. Ọkọ mi ní ọjọ́ ló pé. Dókítà wò mí. Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí, torí mo fẹ́ràn ọkùnrin náà tòun ti ikùn ẹ̀.

Bá a ṣe délé ni mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà dòfin. Ẹ̀kọ ẹyọ kan láàárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí kò fojú kan epo. Tó bá tún di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀wà díẹ̀, ṣíbí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ọkọ mi a wo inú àwo, a wo ẹ̀yìn mi.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ìtọ́wò nìyí, àbí oúnjẹ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Mo ní, "Ó ti dé. Òun lẹ ń wò yẹn."

Ní ti ìrìn, kò bá mi fà á rárá. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti wọ bàtà kánfáàsì, á gbéra ní Ìsàlẹ̀ Òsì wa, á gba Ọjà'ba kọjá, á gun òkè Mápó, á sì tún gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn tó wà lórí ẹ̀. Tó bá fi máa padà, á ti làágùn, inú ẹ̀ á máa dùn. Èmi sì ń fi í yangàn fáwọn ará ilé.

Tó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, màá fi téèpù iṣẹ́ ẹ̀ wọn ikùn ẹ̀. Á kọ́kọ́ fa ikùn náà sínú. Màá dúró, torí kò sẹ́ni tí kì í mí síta. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ikùn ti fi íǹṣì méjì tóbi sí i. Ó ní òjò ló pa téèpù, téèpù ló sún kì. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ń fọ bùbá ẹ̀ tí mo rí epo lẹ́nu ọwọ́ ẹ̀. Epo, nínú ilé tí mo ti gbé ìgò epo pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo wé gèlè bo iwájú orí, mo tẹ̀ lé e. Ká sòótọ́, ó gun Mápó, ó gun àtẹ̀gùn náà dókè. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ ló wá yà sí Ìdí Arẹrẹ, sílé ìyá ẹ̀. Mo wọlé bá a nídìí iyán. Iyán láàárọ̀ kùtù, ẹ̀gúsí lórí ẹ̀, ẹran ńláńlá méjì. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá, obìnrin kékeré tó gbẹ bí ẹja yíyan.

"Ìyàwó," ló wí, "ṣé o wá kó èyí náà lọ ni? Láti ọjọ́ yìí lọmọ mi ti ń sọ fún mi pé ẹ̀kọ kan lò ń gbé fún òun. Kí ló ṣe ẹ́?"

Àṣé kò sọ fún un. Kò dárúkọ dókítà, kò dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó jẹ́ kí n di ahun lójú ìyá ẹ̀ nítorí iyán. Inú bí mi débi pé mi ò rántí dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ bi ọmọ yín ohun tí dókítà sọ."

Ìyá bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi ń wo iyán. Èmi ni mo sọ ọ́: orí fífọ́, òòyì, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti bó ṣe lè ṣubú lójijì. Ìyá lanu, àmọ́ kì í ṣe èmi ló kọjú sí.

"Bàbá ẹ náà sanra," ló wí fọ́mọ ẹ̀. "Tó bá ń kọjá, wọ́n á ní mo mọ ọkọ tọ́jú. Ọjọ́ tó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà yẹn, oúnjẹ ni mò ń gbé bọ̀ wá fún un. Wọ́n gbé e wọlé tán, wọ́n ṣì ń kí mi kú ìtọ́jú."

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ìdí tí ọkọ mi ò fi lè sọ fún un. Gbogbo ìbínú mi tán.

Ìyá nawọ́, ó fa àwo iyán kúrò níwájú ọmọ ẹ̀. Òkèlè kan ṣì wà lọ́wọ́ ìyẹn. Ó gba òkèlè náà pẹ̀lú. Ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀kọ mélòó lo ní ò ń gbé fún un?"

"Ẹyọ kan ni, Ìyá."

"Máa fún un ní ààbọ̀."