Ibi Tí Ọ̀nà Omi Wa Ti Yà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ojú fèrèsé ilé ìdáná wa lọ, omi òjò ni ọ̀tá ilé bàbá mi. Abúlé wa kò jìnnà sí Òkìtìpupa, ẹ̀yin ọmọ mi náà sì mọ bí òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti ń rọ̀. Ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ ń wá jókòó sí. Ògiri alámọ̀ ni. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, omi ti jẹ ẹ́ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi, ìyá mi kò sì jẹ́ kí a sun yàrá apá ibẹ̀ mọ́.

Bàbá mi ti ṣe lébìrà rí níbi tí wọ́n ti ń la títì. Ó ti rí i bí wọ́n ṣe ń ri ọ̀nà omi mọ́lẹ̀: wọ́n á gbẹ́ kòtò tóóró, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á bò ó, omi á sì máa gba àárín òkúta lọ lábẹ́ ilẹ̀. Òkúta ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ó ní èèpo ẹkùrọ́ lòun yóò lò, nítorí ó le, kì í tètè jẹrà. Òkìtì rẹ̀ wà níbi tí àwọn obìnrin àdúgbò ti ń pa ẹkùrọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àti ìyá mi fi ru ú, apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàdínlógójì. Mo kà á.

Lọ́jọ́ karùn-ún, bàbá mi kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan lẹ́bàá ògiri, èkejì létí igbó níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n di okùn mú kó le. Okùn náà lọ tààrà, ó gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ tí àwọn òbí mi kò mọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú, èéyi pa àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, bí a tilẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹbí ló ń gbé e lọ. Wọ́n mú ìyá mi wọ yàrá, bàbá mi jókòó níwájú ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ló sin ín. Gbogbo ilé rò pé inú igbó ni wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n láti ilé ìdáná, mo rí wọn nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n tẹ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, wọ́n sì gbá a kí àmì kankan má baà kù. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀kan ti padà sí Òde-Ayé, èkejì wà lóko. Èmi nìkan ló kù nílé tó mọ ibẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi, ṣé ìwọ ni ọ̀gá lónìí? Omi kì í fẹ́ ọ̀nà wíwọ́. Di okùn mú.”

Ó gbẹ́ ẹ lọ. Nígbà tó ku bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kó dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ju okùn sílẹ̀, mo lọ dúró síbẹ̀. Ó ní kí n kúrò. N kò kúrò. Ó béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo wo ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó wo ojú mi, ó wo ilẹ̀ tí mo dúró lé, ó tún wo ojú mi. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fa èèkàn yọ, ó sì gbẹ́ ọ̀nà omi náà yí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká.

Ìyá mi ti odò dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó rí kòtò tó lọ tààrà tó sì yà lójijì, níbi tí kò sí òkúta, tí kò sí igi ńlá. Ó béèrè ìdí. Bàbá mi ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló le. Ilẹ̀ kì í le nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá mi sọ ìkòkò omi kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Ibẹ̀ ni mo ń da omi tí mo fi ń fọ abọ́ sí. Lójoojúmọ́.”

Èèpo ẹkùrọ́ náà ṣiṣẹ́, ògiri wa gbẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, ìyá mi á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, á máa wò ó bóyá omi yóò yà níbi tí a ní kó yà. Àwọn àgbà ní torí kí ọkàn òbí lè kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ibi tí wọ́n sin ọmọ sí pamọ́. Ọkàn tirẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú. Èmi ni mo fi hàn án. Ká ní n kò sì lọ dúró síbẹ̀, ọkọ́ bàbá mi ni ì bá fi hàn wọ́n. Mo ti rò ó láti ìgbà náà, n kò rí ọ̀nà kẹta.

Ẹ̀yin ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń kà yín bí ẹni ka adìyẹ bí òjò bá ń bọ̀. Ẹ máa ṣe é lọ. Ayé ti yí. Abẹ́rẹ́ èéyi wà báyìí. Òbí ń tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ dé itẹ́ òkú, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú oórì náà, wọ́n á kọ orúkọ sí i. N kò mọ èyí tó sàn jù. Lóṣù tó kọjá, bíríkìlà tí ẹ mú wá láti Òkìtìpupa fẹ́ ri páìpù sí ẹ̀yìnkùlé náà. Ó ní ẹni tó gbẹ́ ọ̀nà omi àtijọ́ yẹn kò mọṣẹ́. Mo ní kó tẹ̀lé e bó ṣe wà. Ó ní páìpù kò ní tó. Mo ní kó lọ ra kún un.

Ẹ bi mí ní ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló le.